Bí Orin Ṣe Gùn Tó: Yíyan Orin fún Alẹ́ Karaoke

Orin tó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin ló bá alẹ́ karaoke mu jù. Bí orin bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ ní ìdí tó fi mú un. Bí ó bá sì ti kọjá méje, ó yẹ kí ó ti bá DJ sọ ọ́ kí wọ́n tó pe orúkọ rẹ̀. Kò sí ìwé òfin tí wọ́n kọ èyí sí. Ìlà àwọn tó ń dúró de máìkì ló fi í lélẹ̀, àwọn tó sì ń darí irú ètò bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ akọrin kì í rò ni pé gígùn orin ju iye kan lọ. Iye ìṣẹ́jú tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ orin wà. Iye ìṣẹ́jú tí ẹnu akọrin fi ń ṣiṣẹ́ gan-an tún wà lọ́tọ̀, àwọn méjèèjì sì lè jìnnà síra wọn pátápátá. Ìkejì yìí ló ń pinnu bóyá àwọn tó jókòó yóò gbádùn orin náà tàbí kí wọ́n kọjú sí fóònù wọn, òun gan-an ni kò sì sí nínú ìwé orin. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ fi etí ara rẹ̀ kà á.

Ìṣirò ìlà

Ní ilé ọtí tàbí ilé fàájì tí karaoke ti ń wáyé ní gbangba, àwọn akọrin á kọ orúkọ wọn sílẹ̀, DJ á sì máa pè wọ́n tẹ̀ léra. Orin oníṣẹ́jú mẹ́rin kì í gba ìṣẹ́jú mẹ́rin péré níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè á dìde nídìí tábìlì rẹ̀, á gba àárín àga kọjá, á gba máìkì, á dán an wò, á kí àwọn tó bá a wá. Nígbà tó bá sì kọrin tán, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un kí ó tó padà sí ìjókòó. Gbogbo èyí á jẹ ìṣẹ́jú kan. Nítorí náà, akọrin méjìlá ló lè kọrin láàárín wákàtí kan.

Bí èèyàn 18 bá kọ orúkọ, ìṣẹ́jú 90 ni yóò kọjá kí ó tó tún kan ẹni àkọ́kọ́. Bí ètò bá bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ tí ó sì parí ní aago méjìlá, oníkálukú wọn á kọrin lẹ́ẹ̀mejì, inú gbogbo wọn á sì dùn délé. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn 18 yìí kan náà bá yan orin oníṣẹ́jú méje, ìyípo kan ṣoṣo á gba wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 24. Ìṣẹ́jú 36 ló kù, àwọn mẹ́rin péré ni yóò sì lè kọ orin kejì tán nínú rẹ̀. Àwọn mẹ́rìnlá yòókù á sanwó ọtí wọn, wọ́n á sì lọ pẹ̀lú orin kan. Ní Èkó, níbi tí ètò tí wọ́n pè sí aago mẹ́jọ ti lè má gbéra títí aago mẹ́wàá fi ń lù, ìṣirò náà tún le jù báyìí lọ.

Ìdí nìyí tí DJ fi máa ń fajú ro bí ẹnìkan bá béèrè fún orin gígùn nígbà tí ìwé kún. Kì í ṣe pé ó kórìíra orin náà. Orin oníṣẹ́jú mẹ́jọ àbọ̀ kan gba àyè èèyàn méjì, ẹni tí wọ́n gba àyè rẹ̀ sì wà nínú yàrá náà, ó ń wo DJ lójú.

Ibi tí orin oníṣẹ́jú mẹ́ta ti wá

Àwo ayé àtijọ́ tó fẹ̀ ní ínǹṣì mẹ́wàá, tó sì ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan, kò lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta orin lọ lójú kan. Irú àwo bẹ́ẹ̀ ni Túndé King àti Àyìndé Bákàrè fi orin jùjú sí láàárín àwọn ọdún 1930, wọ́n sì ní láti gé orin tí wọn ì bá fi odidi òru kọ nílé ìnáwó kí ó lè wọ̀ ọ́. Nígbà tí ilé iṣẹ́ RCA Victor gbé àwo kékeré tó ń yí ní ìgbà 45 jáde ní 1949, ìṣẹ́jú mẹ́ta yẹn ò yí padà, torí pé àwọn ilé iṣẹ́ rédíò náà ti fẹ́ràn orin tí kì í gba àkókò.

Orin tó wà lórí irú àwo kékeré bẹ́ẹ̀ ló gbòde nígbà tí Daisuke Inoue, ẹni tó ń lu ohun èlò orin fún àwọn oníbàárà nínú ilé ọtí nílùú Kobe ní Japan, ṣe ẹ̀rọ tí ó pè ní 8 Juke ní 1971. Ẹ̀rọ mọ́kànlá ló kọ́kọ́ ṣe, ó sì ń fi wọ́n háyà fún àwọn ilé ọtí. Owó ẹyọ 100 yen ni oníbàárà máa ń sọ sínú rẹ̀ kí orin tó dún. Shigeichi Negishi, ará Japan mìíràn, ti ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ní 1967. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, owó àti aago ni karaoke fi ń rìn: orin kan, owó kan, kí ó kan ẹlòmíràn.

Lóde òní orin tún ti kúrú sí i. Lórí Spotify, ẹni tó bá ti gbọ́ orin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n kà, bóyá orin náà jẹ́ ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́fà, nítorí náà kò sí èrè nínú kí olórin fà á gùn. “Love Nwantiti” tí CKay gbé jáde ní 2019 jẹ́ ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 25. “Last Last” ti Burna Boy, ní 2022, jẹ́ ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 52. Ẹni tó bá ń wá orin tí kò ní dá ìlà dúró kò ní láti wá a jìnnà mọ́.

Ìgbà tí ẹnu ń ṣiṣẹ́ àti ìgbà tí ó dákẹ́

Orin “Hotel California” ti ẹgbẹ́ Eagles, tó jáde ní ìparí 1976, jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́fà àbọ̀. Ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ tẹ́tí sí i pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Gìtá nìkan ló ń dún fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 50 kí ohùn tó wọlé. Láti ìgbà náà akọrin á máa kọ lọ láìsí ìsinmi tó pọ̀, títí di nǹkan bí ìṣẹ́jú 4 àti ìṣẹ́jú àáyá 20. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ tán. Gìtá méjì á máa dá ara wọn lóhùn fún ohun tó lé ní ìṣẹ́jú méjì, títí orin á fi rọra lọ sílẹ̀. Láyé orin rọ́ọ̀kì, apá gìtá yìí wà lára àwọn tí wọ́n ń yìn jù. Lórí pèpéle karaoke, kò sí gìtá kankan. Ẹnìkan ló dúró tí ó di máìkì mú, ojú tẹlifíṣọ̀n ò sì ní ọ̀rọ̀ kankan lórí mọ́.

Orin oníṣẹ́jú mẹ́fà àbọ̀ yìí, orin oníṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ ni lẹ́nu akọrin. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó kù ló ń pa alẹ́. Àmọ́ bí akọrin bá ti bá DJ sọ ọ́ pé kí ó fa orin wálẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ti parí, orin náà dára fún karaoke, torí pé gbogbo èèyàn ló mọ ègbè rẹ̀.

“Hey Jude” ti Beatles, 1968, fi ìdàkejì ọ̀rọ̀ yìí hàn. Ó lé díẹ̀ ní ìṣẹ́jú méje, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lásán sì ni orin fúnra rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin tó gbẹ̀yìn jẹ́ ègbè kan ṣoṣo tí wọ́n ń tún kọ lákọtúnkọ. Lójú ìwé, ó gùn ju “Hotel California” lọ. Nínú yàrá, ó lè má gùn bẹ́ẹ̀, nítorí ègbè yẹn kì í ṣe iṣẹ́ akọrin nìkan: gbogbo ilé á gbà á lẹ́nu rẹ̀, àwọn tó wà nídìí ọtí náà á dá sí i. Ṣùgbọ́n èyí dúró lórí pé ilé kún. Bí èèyàn mẹ́fà péré bá wà níbẹ̀, tí mẹ́ta nínú wọn sì ń jẹun, ìṣẹ́jú mẹ́rin ègbè á di ìyà fún ẹni tó di máìkì mú.

“American Pie” ti Don McLean, tó jáde ní 1971, jẹ́ irú mìíràn pátápátá. Ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ àbọ̀, debi pé nígbà tí wọ́n gbé e sórí àwo kékeré, wọ́n ní láti pín in sí ojú méjèèjì. Kò sí ibi tí ó dákẹ́. Ẹsẹ orin mẹ́fà tó kún fún ọ̀rọ̀ ni, ẹsẹ tó gbẹ̀yìn sì tún falẹ̀ ju ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá yan orin yìí ti gba iṣẹ́ ẹni méjì, kò sì sí ibi tí ó ti lè mu omi. Àwọn tó ń gbọ́ ọ á bá a kọ ègbè àkọ́kọ́ àti ìkejì tayọ̀tayọ̀; nígbà tí ìkarùn-ún bá dé, àwọn mélòó kan á ti jáde lọ gba atẹ́gùn.

Ó sì ní orin tí gígùn rẹ̀ kò ju ti ẹlòmíràn lọ ṣùgbọ́n tí ó fi ohun dídùn rẹ̀ pa mọ́ sẹ́yìn. “Don’t Stop Believin’” ti ẹgbẹ́ Journey, 1981, jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, àmọ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta á kọjá kí ègbè tí gbogbo ayé ń retí tó dé. Kò ṣeé gé láàárín. Bí DJ bá ní ìṣẹ́jú méjì àbọ̀ ló kù, kí akọrin wá orin mìíràn.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, orin tí ègbè rẹ̀ dé láàárín ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló sàn jù. Ègbè ni àwọn tó ń gbọ́ fi ń mọ orin, òun náà ni wọ́n fi ń ran akọrin lọ́wọ́. “Hit the Road Jack” tí Ray Charles ṣe ní 1961 kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú méjì lọ, ègbè ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Lílé àti gbígbè ni gbogbo rẹ̀, bí orin Yorùbá gan-an. Obìnrin mẹ́ta tó bá jókòó sítòsí lè gbè é láìdìde.

Orin jùjú, Afrobeat àti ìṣòro odidi ojú àwo

Ẹni tó fẹ́ kọ orin Yorùbá ní karaoke á bá ìṣòro kan pàdé tí ẹni tó ń kọ orin Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà ní. Nígbà tí àwo ńlá tó gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú kan gbilẹ̀ ní Nàìjíríà, àwọn olórin wa padà sí bí wọ́n ṣe ń kọrin lóde ìnáwó: orin kan á wọ inú òmíràn, ìlù ò ní dákẹ́, oríkì olówó á gba ibì kan kọjá, gángan á sọ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwo tí Ebenezer Obey àti King Sunny Adé ṣe láàárín àwọn ọdún 1970 ló rí báyìí. Orin tí èèyàn mọ̀, tí ó sì fẹ́ràn, lè wà ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án àwo, láàárín orin méjì mìíràn, láìní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí òpin tirẹ̀.

Fẹlá Aníkúlápó Kútì kò to orin pọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orin tirẹ̀ kan náà á gba ojú àwo tán. Àwo “Shakara” ti 1972 ní orin méjì péré, ọ̀kan lójú kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ju ìṣẹ́jú 13 lọ. “Zombie”, 1976, lé ní ìṣẹ́jú 12, fèrè àti ìlù á sì ti ṣe tiwọn fún ìgbà pípẹ́ kí ohùn Fẹlá tó wọlé. Ẹni tó bá ní kí DJ gbé “Zombie” sí i bó ṣe wà á dúró lórí pèpéle bí ẹni tí ọkọ̀ já sílẹ̀.

Síbẹ̀, kì í ṣe pé kí èèyàn pa irú orin báyìí tì. Ó máa jẹ́ àdánù ńlá bí karaoke bá di ibi tí wọ́n ti ń kọ gbogbo orin ayé àfi ti Yorùbá. Ohun tó yẹ ni kí akọrin mú ibi tí ó fẹ́ kọ, kí ó sì mọ ìṣẹ́jú tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ìṣẹ́jú tó ti parí. Bí ó bá fẹ́ orin kan láti inú àkójọ Obey, kí ó gbọ́ àwo náà nílé, kí ó kọ ọ́ sí bébà pé “láti 9:10 sí 12:40”, kí ó fún DJ. DJ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á wọ ibẹ̀ tààrà. Orin jùjú tí wọ́n ti yọ ohùn kúrò lára rẹ̀ fún karaoke ṣọ̀wọ́n, nítorí náà àwo gan-an ni DJ á sábà gbé sí i, akọrin á sì máa kọrin lé ohùn olórin lórí. Èyí náà jẹ́ ìdí kan tí kò fi yẹ kí ó pẹ́, torí pé ohùn méjì kì í wà pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí ọ̀kan má bo èkejì.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. I. K. Dairo, ẹni tí orin “Salome” sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, orí àwo kékeré ló ti ṣe iṣẹ́ tó gbé e dìde. Orin rẹ̀ ti ìgbà náà ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní àárín, ó sì parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Àwọn àgbà tó wà níjòkòó mọ̀ wọ́n, àwọn ọmọdé náà á sì yára kọ́ ègbè wọn. Bákan náà, nígbà tí King Sunny Adé ń ṣe àwo “Juju Music” fún ilé iṣẹ́ Island ní 1982, wọ́n pín in sí orin méje tó dá dúró, nítorí àwọn olùgbọ́ òkè òkun. “Ja Funmi” tó wà nínú rẹ̀ ṣì gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méje, ṣùgbọ́n ó ní ẹnu ọ̀nà tí èèyàn lè gbà wọlé.

Ibi kan ṣoṣo ni ibi tí ẹnu dákẹ́ kò ti jẹ́ àléébù nínú orin jùjú: òde ìnáwó Yorùbá tí wọ́n gbé karaoke sí, bíi ọjọ́ ìbí tàbí àjọyọ̀ ìgbéyàwó. Níbẹ̀, bí gángan bá gba orin, àwọn èèyàn á dìde jó, akọrin náà á sì jó pẹ̀lú wọn. Ìṣẹ́jú méjì tí ohùn kò sí kò ní wúwo lójú ẹnikẹ́ni. Ní ilé ọtí tí àga àti tábìlì kún, tí kò sí àyè ijó, ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀.

Èémí àti ọ̀nà ọ̀fun

Kúkúrú orin kò sọ pé ó rọrùn. Ọ̀pọ̀ orin ìsinsìnyí tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kò ní àyè kankan tí èèyàn ti lè mí, torí pé nílé ìgbohùnsílẹ̀, olórin lè kọ ìlà kan, kí ó sinmi, kí ó tó kọ èkejì, tàbí kí ó to ohùn ara rẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó dá dúró lórí pèpéle kò ní ju ẹnu kan lọ. Nítorí náà, ìdákẹ́jẹ́ oníṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láàárín orin jẹ́ àánú fún akọrin; ó kéré jù láti sú àwọn tó ń gbọ́, ó sì tó láti fi gbé omi mu.

Orin tó ń kó agbára rẹ̀ jọ sí ìparí tún nílò ìṣọ́ra. “I Will Always Love You” bí Whitney Houston ṣe kọ ọ́ ní 1992 jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láìsí ohun èlò kankan, ohùn nìkan, tí akọrin aláìmọwọ́ọ́ṣe á sì ti máa sáré tàbí falẹ̀ jù. Ibi tó ga jù nínú rẹ̀ wà lẹ́yìn ìṣẹ́jú kẹta, nígbà tí ọ̀nà ọ̀fun ti rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ràn orin náà tí ohùn rẹ̀ kò sì gbé e lè yan bí Dolly Parton, ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ṣe kọ ọ́ ní 1974: orin kan náà, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, kò sì béèrè ariwo lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń gbọ́ á mọ̀ ọ́n láti ìlà àkọ́kọ́.

Ìdánwò tí kò tan ni jẹ nìyí: kí akọrin dúró nílé, kí ó tan orin náà sí i, kí ó sì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin lẹ́ẹ̀kan náà láìjókòó, kí aago fóònù sì máa kà. Ìṣẹ́jú tí ohùn rẹ̀ bá kọ́kọ́ há, tàbí tí ọkàn rẹ̀ bá kọ́kọ́ kúrò nínú orin, ibẹ̀ ni gígùn orin náà mọ fún un. Bí ó bá há ní ìṣẹ́jú kẹta nílé níbi tí kò sí ọtí, kò sí èéfín, kò sí ẹni tó ń wò ó, kò ní kọjá ibẹ̀ ní gbangba.

Irú orin kan náà, gígùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọ̀pọ̀ orin ló ní ju ẹ̀dà kan lọ, ìwé orin karaoke kì í sì í fìgbà gbogbo sọ èyí tó jẹ́. “Purple Rain” ti Prince, 1984, ju ìṣẹ́jú mẹ́jọ àbọ̀ lọ lórí àwo ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí wọ́n gé fún rédíò jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. “Rapper’s Delight” ti Sugarhill Gang, 1979, ju ìṣẹ́jú 14 lọ bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ṣe é, àwọn mẹ́ta ló sì pín in sọ láàárín ara wọn. Ẹni tó bá dá a gbé láìbéèrè ẹ̀dà kúkúrú kò ro ara rẹ̀ ire. Kí akọrin béèrè lọ́wọ́ DJ pé, “Ìṣẹ́jú mélòó ni èyí tó wà lọ́wọ́ yín?” Ìbéèrè yẹn kò gba ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ, ó sì ń fi hàn pé ẹni náà mọ ohun tó ń ṣe.

Lórí YouTube, gígùn orin máa ń hàn lára àwòrán rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó gbé e síbẹ̀ lè ti fi ìpolówó ara wọn síwájú tàbí sẹ́yìn. Àwọn ètò karaoke orí kọ̀ǹpútà kan, bíi KaraFun, gbà kí èèyàn yí eré orin padà. Bí wọ́n bá mú orin oníṣẹ́jú mẹ́rin yára sí i ní ìdá kan nínú mẹ́wàá, yóò parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 38. Èyí wúlò fún orin tó falẹ̀ jù fún alẹ́ Sátidé. Bí wọ́n bá sì mú un yára jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gún ara wọn lẹ́nu akọrin. Ẹ̀rọ ilé karaoke àwọn ará Kòríà ní bọ́tìnnì tí wọ́n ń tẹ̀ láti fo ibi tí ohun èlò nìkan ti ń dún. Ó jẹ́ ohun kan tí ó yẹ kó wà níbi gbogbo.

Bí wọ́n ṣe ń gba owó

Ní Japan àti láwọn ìlú ńlá mìíràn, yàrá kékeré ni àwọn ọ̀rẹ́ máa ń háyà láti kọrin láàárín ara wọn, aago ni wọ́n sì fi ń sanwó. Kò sí àlejò lórí ìlà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ gígùn orin kò tíì tán. Bí ọ̀rẹ́ mẹ́fà bá háyà yàrá fún wákàtí méjì, tí wọ́n sì ń kọ orin oníṣẹ́jú mẹ́rin, orin 30 ni wọ́n á kọ, márùn-ún fún oníkálukú. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yan orin oníṣẹ́jú mẹ́jọ nígbà márààrún, ó ti gba ìṣẹ́jú 40, ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo owó tí àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà san. Láàárín ọ̀rẹ́, ẹnikẹ́ni lè má sọ ọ́ síta. Wọ́n á kàn máa gbàgbé láti pè é nígbà mìíràn.

Níbi tí wọ́n bá ti ń gba owó lórí orin kọ̀ọ̀kan, bí àwọn yàrá olówó ẹyọ ní Kòríà, orin gígùn kò ná ẹni tó dá wà ní nǹkan kan lé e. Ibẹ̀ ló ti dára jù láti gbìyànjú “American Pie” tàbí orin mìíràn tí èèyàn ti ń fẹ́ kọ tán láìsí ẹni tó ń wo aago.

Àsìkò alẹ́

Níbẹ̀rẹ̀ alẹ́, nígbà tí èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún péré wà níjòkòó, DJ á dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá lè gba ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ìwé ṣófo, ìdákẹ́jẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀ nígbà náà. Láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àbọ̀, tí ilé ti kún, orin kúkúrú ló yẹ. Ìparí alẹ́ ló tún ṣí àyè sílẹ̀ fún orin gígùn, pàápàá èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn lè jọ kọ. “Bohemian Rhapsody” ti Queen, 1975, jẹ́ ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú àáyá 55. Ẹnìkan kò lè dá àárín rẹ̀ kọ dáadáa láéláé, torí pé ohùn púpọ̀ ló ń ké síra wọn níbẹ̀. Bí àwọn márùn-ún bá gun orí pèpéle láti jọ kọ ọ́, àyè èèyàn márùn-ún ni wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́fà san, kò sì sí ẹni tí yóò bínú.

Kí akọrin wo aago kí ó tó fi orúkọ sílẹ̀. Bí ilé bá ń ti ilẹ̀kùn ní aago méjìlá, tí ó sì ku ìṣẹ́jú márùn-ún, orin oníṣẹ́jú mẹ́jọ kò ní parí.

Bí orin bá ti gùn ju bí akọrin ṣe rò lọ, tí ó sì ti wà lórí pèpéle, kò sí èèwọ̀ nínú kí ó jáde. Òpin ègbè kejì ló dára jù láti jáde. Àárín ẹsẹ ni ó burú jù, torí pé á dà bíi pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀. Kí ó ti bá DJ sọ àmì kan ṣáájú, bí ọwọ́ gbígbé sókè, kí ó gbé e nígbà tí ìlà tó gbẹ̀yìn nínú ègbè bá ń lọ. DJ á rọra fa ohùn orin wálẹ̀, akọrin á dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbọ́ ọ, á sì gbé máìkì fún ẹni tó kàn kí àtẹ́wọ́ tó lọ sílẹ̀.